Ọkùnrin Onífìlà Pupa Tí Mo Tọrọ Lọ́wọ́ Ọlọ́run

Ọ̀sẹ̀ kan wà láyé mi tí mi ò lè gbàgbé, bó ti wù kí n gbìyànjú tó. Láti ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ náà títí di ọjọ́ Ìsinmi, èmi tí wọ́n ń sanwó fún pé kí n máa kọ́ ọmọ ọlọ́mọ lọ́gbọ́n, kò sí ìwà òmùgọ̀ tí mi ò hù. Tí mo bá rántí, ẹ̀rín a máa pa mí, ojú a sì máa tì mí. Ṣùgbọ́n kí n má parọ́, àbámọ̀ ló pọ̀ jù níbẹ̀.

Ọ̀wọ̀ ni mo ti ń ṣiṣẹ́ olùkọ́ nígbà náà, ibẹ̀ náà ni mo ṣì wà dòní. Yàrá kan ni mo gbà nínú ilé àtijọ́ kan tí kò ní àjà. Ògiri tó wà láàárín yàrá kan sí èkejì ga dáadáa, àmọ́ kò kan páànù, débi pé tí mo bá sín, Màmá Fúnmi ni yóò kí mi pẹ̀lẹ́ láti yàrá tirẹ̀. Opó ni Màmá Fúnmi, ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà kan náà la jọ ń lọ. Àwọn ọmọ rẹ̀ ti tú ká síbi iṣẹ́. Àìsàn ojú ń bá a jà, dókítà sì ti kìlọ̀ fún un pé kò gbọdọ̀ pa oògùn ojú tí òun fún un jẹ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, nítorí náà èmi ni mo ń bá a kán an sójú. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni mí, torí bẹ́ẹ̀ kì í bá mi sọ èdè Ọ̀wọ̀, àfi tí ọ̀rọ̀ bá wọ̀ ọ́ lára.

Táyọ̀ ni mò ń fẹ́ nígbà yẹn. Ùṣò ni ilé wọn, ṣùgbọ́n Ìfọ́n ló ti ń ṣiṣẹ́ ìjọba pẹ̀lú àwọn tó ń ṣọ́ igbó ọba. Ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Lọ́jọ́ Ìsinmi kan ó gun alùpùpù rẹ̀ wá, ó jókòó sórí àga kan ṣoṣo tí mo ní, ó ní, "Wọ́n ti fún mi nílé níbi iṣẹ́. Yàrá méjì ni. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá kí n kun yàrá kejì, tàbí kí n máa kó irinṣẹ́ sí i."

Bí ọkùnrin náà ṣe dẹnu ìgbéyàwó kọ mí nìyẹn. Mo ní kó fún mi ní ọ̀sẹ̀ kan kí n fi gbàdúrà. Ó ní kò burú.

Mo fẹ́ràn Táyọ̀. Ẹ̀rù ló kàn ń bà mí, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀, títí kan Ọlọ́run. Àmì ni mo yàn láti máa tọrọ. Nílé wa, a kì í gbàdúrà sínú. Bàbá mi gbà pé ẹni tó bá pa ẹnu dé tó ní òun ń gbàdúrà, oorun ló ń sùn. Nítorí náà, ní aago méje ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé, mo kúnlẹ̀ lẹ́bàá ibùsùn mi, mo sì gbé ohùn sókè.

"Olúwa," mo ní, "Ìfọ́n jìnnà. Ilé náà lè má níná. Ìyá Táyọ̀, ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Bí kì í bá ṣe òun ni ọkọ mi, jẹ́ kí ẹnì kan kìlọ̀ ìrìn àjò fún mi lọ́la."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, bí mo ṣe ń kán oògùn sójú Màmá Fúnmi, ó mí kanlẹ̀, ó ní, "Tíṣà, má rin ìrìn àjò kankan o. Ara mi ò gbà á." Ẹ̀kán mẹ́ta ló bọ́ sórí imú rẹ̀.

Ẹni tó bá gbọ́n ì bá ronú síwájú sí i. Èmi ní tèmi, mo ní kí n dán an wò lẹ́ẹ̀kan sí i. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà mo ní bí Táyọ̀ kì í bá ṣe tèmi, kí ẹnì kan gbé àgbàdo sísè wá fún mi láìjẹ́ pé mo béèrè. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn la wà, ọyẹ́ ń fẹ́, kò sí àgbàdo tútù ní gbogbo Ọ̀wọ̀. Mo rò pé mo ti dí Ọlọ́run lọ́nà. Nígbà tí mo fi máa ti ilé ìwé dé ní ọjọ́rú, Màmá Fúnmi ti gbé abọ́ ẹ̀gbo kan sẹ́nu ọ̀nà mi. Ó ní ó kàn ṣàdédé wu òun láti sè é ni. Àgbàdo gbígbẹ yẹn ò jinná, ó le bí òkúta wẹ́wẹ́, ṣùgbọ́n ta ni yóò kọ oúnjẹ tó ti ọ̀run wá? Mo jẹ gbogbo rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni mo sáré jáde ní kíláàsì, àwọn ọmọ sì ń kà á sókè.

Síbẹ̀ mi ò gbọ́n. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́rú yẹn kan náà, kí inú tó bẹ̀rẹ̀ sí í run mí, mo ti tọrọ àmì kẹta: kí ọkùnrin onífìlà pupa kan, tí mi ò mọ̀ rí, kan ilẹ̀kùn mi ní Ọjọ́bọ̀ kí oòrùn tó wọ̀.

Ó kàn án. Ọkùnrin kúkúrú kan, onírùngbọ̀n funfun, ló dúró lẹ́nu ọ̀nà. Fìlà pupa tó dé tóbi jù ú lọ, ó ń yọ̀ wá sójú rẹ̀, ó ń fi ìka tì í padà. Ó ní, "Wọ́n ní kí n wá wọn fèrèsé yín fún kọ́tìn."

Mo ní, "Ta ló rán yín?"

Ó gbójú sókè wo páànù, ó ní, "Ẹni tó rán mi ní kí n má sọ."

Mo fi orúnkún méjèèjì kúnlẹ̀. Baba náà rò pé mò ń kí òun ni, ó ní kí Ọlọ́run bù kún mi, ó wọn fèrèsé, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Mo fi omijé tẹ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí Táyọ̀ lórí fóònù: "Ọlọ́run ti dá mi lóhùn. Ó ní kì í ṣe ìwọ." Ó pè mí lẹ́ẹ̀mẹta, mi ò gbé e.

Ká ní mo fi mọ bẹ́ẹ̀, bóyá ìtìjú náà ì bá mọ níwọ̀n. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Ìsinmi mo jáde lọ jẹ́rìí níwájú ìjọ. Mo sọ ti ìkìlọ̀, mo sọ ti ẹ̀gbo. Nígbà tí mo dé orí ọkùnrin onífìlà pupa, mo rí i pé àwọn obìnrin ìlà kẹta ti ń di ara wọn mú. Ìyàwó kátíkíìsì, tó ń ta aṣọ nínú ìlú, ló kọ́kọ́ dìde.

Ó ní, "Tíṣà, ṣé kì í ṣe Alhaji télọ̀ ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi nìyẹn? Ó ní Màmá Fúnmi ló gbé fìlà olóògbé ọkọ rẹ̀ dé òun lórí, tó ní kí òun wá wọn fèrèsé rẹ. Ó ṣì ń béèrè ìgbà tí o máa mú aṣọ wá."

Ṣọ́ọ̀ṣì dàrú fún ẹ̀rín. Mo wo ọ̀dọ̀ Màmá Fúnmi. Ó ti bojú mọ́ ìwé orin, ó sì dorí ìwé náà kodò.

Mi ò dúró gba oore-ọ̀fẹ́ ìparí ìsìn. Pẹ̀lú aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì lára mi, mo gun ọ̀kadà, ó di Ìfọ́n. Gèlè mi fò lọ lójú ọ̀nà, eruku sì kùn mí láti orí dé ẹsẹ̀. Mo bá Táyọ̀ nílé tuntun náà. Ilẹ̀kùn yàrá kejì ṣí sílẹ̀. Ó ti kun ògiri mẹ́ta ní àwọ̀ ewé tí mo fẹ́ràn. Ìkẹrin ṣì wà bó ṣe wà, ọkọ́ àti àdá ló kó tì í.

"Ọlọ́run ò sọ bẹ́ẹ̀," mo ní. "Màmá Fúnmi ni." Mo ro gbogbo rẹ̀ fún un. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀ nígbà tí mo dé orí ẹ̀gbo, mo sì rò pé ó ti bùṣe.

Ó ní, "Ká ní o sọ pé o ò fẹ́ mi ni, màá gbà. Ṣùgbọ́n láti Ọjọ́bọ̀ ni mo ti jókòó síbí, tí mò ń ro ohun tí mo ṣe fún Ọlọ́run. Tí nǹkan bá le lọ́jọ́ mìíràn, ta lo tún máa bi bóyá kí o dúró tì mí?"

Ó bomi fún mi kí n fi bọ́jú, ó sì fi alùpùpù rẹ̀ gbé mi padà sí Ọ̀wọ̀. Ó já mi sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó sì yí alùpùpù náà padà.

Àkókò oògùn ojú ti tó. Mo wọlé tọ Màmá Fúnmi pẹ̀lú ìbínú, síbẹ̀ mo gbé orí rẹ̀ lé itan mi, mo sì kán an. Ó ní ẹ̀rù ló ba òun, pé tí mo bá lọ, ta ni yóò máa ṣe é? Mo ní, "Ẹ sì jẹ́ kí n ba ayé ara mi jẹ́, Màmá?"

"Ọma mi," ó ní, èdè Ọ̀wọ̀ ló fi pè mí lọ́mọ, "gbogbo àdúrà rẹ ni mo gbọ́. O sọ pé Ìfọ́n jìnnà, o sọ ti iná, o sọ ti ẹnu ìyá rẹ̀. Mi ò gbọ́ ọ kí o sọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo pé o fẹ́ràn rẹ̀. Ká ní mo gbọ́ ọ ni, màá fi ojú yìí sílẹ̀ kó fọ́."

Mo sunkún lálẹ́ ọjọ́ yẹn, kì í ṣe nítorí ohun tí Màmá Fúnmi ṣe. Òótọ́ ló sọ. Irọ́ ni mo kúnlẹ̀ pa fún Ọlọ́run fún odindi ọjọ́ mẹ́ta, ohùn òkè ni mo sì fi pa á.

Táyọ̀ fẹ́ nọ́ọ̀sì kan lọ́dún kejì. Mo gbọ́ pé yàrá kejì yẹn làwọn ọmọ wọn ń sùn, ó sì dájú pé wọ́n á ti kun ògiri kẹrin. Màmá Fúnmi ṣì wà, mo ṣì ń bá a kán oògùn. Ní báyìí, tí ìpinnu kan bá délẹ̀, ohun tó wà lọ́kàn mi ni mo máa ń kọ́kọ́ sọ fún Ọlọ́run, kí n tó béèrè tirẹ̀. Mo sì máa ń sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, bí mo ṣe wà lórí orúnkún báyìí, mo gbọ́ tí ẹnì kan ń kan ògiri.

"Tíṣà, gbé ohùn sókè! Mi ò gbọ́ nǹkan kan!"

Mo ní, "Màmá, kì í ṣe ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀." Àwa méjèèjì sì rẹ́rìn-ín títí, òun níbẹ̀, èmi níbí.