Ọjọ́ Tí Mo Gbé Oúnjẹ Tiwa Lọ Sílé-Iṣẹ́ Oníṣíbí

Ọjọ́bọ̀ kan wà tí mo rò pé yóò bá mi dé sàréè. Nígbàkígbà tí mo bá rí ike omi lórí tábìlì, ọjọ́ náà á tún wá jókòó tì mí, á sì máa fi mí rẹ́rìn-ín. Ó lé ní ogún ọdún tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ ìròyìn. Mo ti bi àwọn olóṣèlú ní ìbéèrè tó mú wọn làágùn nínú yàrá tó tutù, òfin kan ṣoṣo ni mo sì fi ń ṣiṣẹ́: ohun tí ojú mi ò bá rí, tí ẹlẹ́rìí ò sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ fún mi, mi ò ní kọ ọ́. Òfin yẹn sá fi mí sílẹ̀ lọ́jọ́ tí mo nílò rẹ̀ jù lọ.

Ẹ̀yìn àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá ní Ọ̀tà ni àdúgbò wa wà, níbi tí èèyàn ti ń gbóòórùn bisikíìtì láàárọ̀, tí yóò sì gbóòórùn ọṣẹ lọ́sàn-án. Ọ̀kan nínú àwọn ilé-iṣẹ́ náà tóbi ju ìyókù lọ. Àwọn òyìnbó òkè òkun ló ni ín, oúnjẹ àti ohun mímu ni wọ́n ń ṣe. Àwòrán ṣíbí aláwọ̀ búlúù ló wà lára gbogbo tírélà wọn, ìdí nìyẹn tí a fi ń pè wọ́n ní Oníṣíbí. Bí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ ní Ṣàngó bá ti pọ̀, àwọn tírélà yìí á yà gba àdúgbò wa kọjá. Wọ́n gbà á títí ọ̀nà wa fi di kòtò. Èyí tó wà níwájú gbọ̀ngàn ẹgbẹ́ onílé jìn débi pé pẹ́pẹ́yẹ ń lúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀. Nígbà òjò tó kọjá, tírélà kan rì sí i, ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni ọkọ̀ kankan ò wọlé, tí ọkọ̀ kankan ò sì jáde. Inú ọmọlanke ni a ti gbé aboyún kan dé títì. Òjò mìíràn sì ti ń kùn bọ̀.

Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́. Mo kọ lẹ́tà mẹ́ta sí Oníṣíbí, wọn ò fèsì. Ni mo bá dìde ní ìpàdé, mo ní ọ̀nà kan ló kù: kí ẹnikẹ́ni má ra ọjà wọn mọ́ títí wọn yóò fi tún ọ̀nà wa ṣe. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Àtẹ́wọ́ yẹn ló bà mí jẹ́. Bó ṣe ń dún lọ́wọ́ ni mo fi òfin lé e: ẹni tí a bá ká ọjà Oníṣíbí mọ́ lọ́wọ́ yóò fi ṣọ́bìrì kó òkúta sínú kòtò ní Sátidé ìmọ́tótó, a ó sì so ọ̀rá ọjà náà mọ́ ọn lọ́rùn bí ẹ̀gbà. Èmi ni mo kọ ọ́ sínú ìwé, tí mo sì fàlà sí i nídìí lẹ́ẹ̀mejì.

Alhaja Ṣìfá nìkan ni kò pàtẹ́wọ́. Òun ló ń ta tíì, mílíìkì, ṣúgà àti oríṣiríṣi ohun tó ń bẹ nínú agolo ládùúgbò wa, ó sì ju mí lọ dáadáa lọ́jọ́ orí. Ó bi mí pé báwo la ṣe máa mọ ọjà Oníṣíbí. Mo ní kò le: Kókódùn táwọn ọmọ ń mu láàárọ̀, àti Tasánsán tí wọ́n ń fi sọ́bẹ̀. Àwọn méjèèjì ló ní ṣíbí búlúù gbàgàdà níwájú.

"Akọ̀wé, méjì péré?"

Mo ní kí Alhaja fọkàn balẹ̀, pé iṣẹ́ ìwádìí niṣẹ́ mi. Ó tún ìborùn rẹ̀ ṣe, ó jókòó. Ó ní ó dáa, Ọlọ́run á fi hàn wá.

Múkáílà télọ̀ lọwọ́ kọ́kọ́ tẹ̀. Mo ká a mọ́ ẹ̀yìn ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ níbi tó ti ń po Kókódùn nínú ife. Ó ní èyí tóun ti rà ṣáájú òfin ni, pé òun kàn ń mu ún tán kó má baà ṣòfò ni. Mi ò gbà. Ní Sátidé, ó kó òkúta pẹ̀lú ọ̀rá Kókódùn lọ́rùn, mo ya fọ́tò rẹ̀, mo gbé e sórí WhatsApp àdúgbò, mo sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Òfin ò mojú ẹnì kan." Múkáílà nu òógùn nù, ó ní, "Ẹ ṣeun, Akọ̀wé. Fóònù tèmi náà ń ya fọ́tò o."

Nílé tèmi, mo kó gbogbo Tasánsán ìyàwó mi dànù. Mo ra Ọbẹ̀-Ìyá dípò rẹ̀. Mo fi Kókódùn sílẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í mu kọfí Jíire. Ẹ tiẹ̀ wo orúkọ: Jíire. Òyìnbó wo ló mọ Jíire? Ọ̀dọ̀ Alhaja náà ni mo ti rà wọ́n, ó sì dì wọ́n fún mi tẹ̀ríntẹ̀rín. Ìyàwó mi tọ́ ọbẹ̀ wò, ó ní òun ò rí ìyàtọ̀. Mo ní ìyàtọ̀ wà, òmìnira ló ń ta sánsán yẹn.

Ó tún tọ́ ọ wò. "Bàbá Dúpẹ́, òmìnira yìí jọ ọbẹ̀ àná gan-an ni."

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, lẹ́tà dé. Oníṣíbí ní àwọn yóò rí èèyàn mẹ́rin nínú wa lówùúrọ̀ Ọjọ́bọ̀, fún ààbọ̀ wákàtí. Inú mi dùn débi pé mo fò. A yan Alága wa, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, a yan Alhaja, Múkáílà àti èmi. Alága pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní, "Akọ̀wé, ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n máa gbọ́ tẹnu wa. Tó o bá fi àṣejù ba èyí jẹ́, inú odò la máa gbé nígbà òjò."

Mo ní kó fọkàn balẹ̀. Ṣùgbọ́n nǹkan kan ń jẹ mí lọ́kàn. Bàbá mi kọ́ mi pé a kì í jẹun nílé ẹni tí a ń bá ṣẹjọ́. Ẹni tó bá ti jẹ ẹ́, ahọ́n rẹ̀ á rọ̀. Mo mọ̀ pé wọ́n á gbé ìpápánu wá fún wa. Mo wá pinnu pé kí a gbé tiwa dání, kí a sì jẹ ẹ́ lójú wọn. Mo lọ sábẹ́ afárá Ṣàngó, mo fi orúkọ ṣa ọjà bí ẹni tó ń ṣa ìyàwó fọ́mọ: omi Ìsun-Àpáta, bisikíìtì Ayọ̀-Ọmọ, omi ọsàn Àmugbádùn, àti súìtì Tutùlẹ́nu. Oníròyìn ni mí, mo sì fọ̀rọ̀ wá ẹlẹ́rìí lẹ́nu wò. Mo bi obìnrin tó ń tà á pé ṣé ilé níbí ni wọ́n ti ń ṣe wọ́n. Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni sà, Ọ̀tà wa níbí ni."

Ẹlẹ́rìí mi ò purọ́. Ọ̀tà wa níbí ni lóòótọ́.

Yàrá tí wọ́n mú wa wọ̀ ní Ọjọ́bọ̀ náà tutù bí ẹnu Tutùlẹ́nu. Mo yan àga tó kọ ẹ̀yìn sí ògiri, kí n lè máa wo ẹnu ọ̀nà. Àṣà àwa oníròyìn nìyẹn. Àwòrán gbọọrọ kan wà lára ògiri náà. Mi ò wò ó. Omidan tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ilé-iṣẹ́ náà pẹ̀lú àwọn aládùúgbò wọlé, ó kúnlẹ̀ díẹ̀ kí wa, ó bi wá pé kí ni kóun ní kí wọ́n gbé wá.

"A dúpẹ́, ọmọ wa," ni mo wí. "A gbé tiwa wá."

Mo tú báàgì. Mo to ohun gbogbo sórí tábìlì, tòun ti páálí kọfí Jíire kan tí mo mú bọ̀ láti ilé. Mo ju súìtì kan sẹ́nu láti fi hàn pé kò sí ìbẹ̀rù. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í gbé wọn sókè lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé tí ohun tó ti ọwọ́ wọn wá kò kan ẹnu wa. Mo ní omi wa rèé, a kò kú. Bisikíìtì wa rèé, a kò rù. Mo ní ẹni tó mọ èdè wa ló ṣe wọ́n. Omidan náà wo omi, ó wo òkè orí mi. Ó wo bisikíìtì, ó tún wo òkè orí mi. Mo rò pé ìtìjú ni kò jẹ́ kó lè wo ojú mi. Alága ta mí nípàá lábẹ́ tábìlì. Mo rò pé ó ń kì mí láyà ni, mo bá gbóhùn sókè sí i. Mo dárúkọ Ọbẹ̀-Ìyá tó wà nílé. Múkáílà gbé orí lé tábìlì, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Mo gbọ́wọ́ lé e lẹ́yìn, mo kọjú sí omidan náà, mo fi ohùn arò sọ̀rọ̀.

"Ẹ wo nǹkan. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ọ̀nà ṣe ń pa géńdé ọkùnrin lẹ́kún."

Omidan náà dìde, ó ní ẹ jọ̀ọ́ sà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sáré jáde. A gbọ́ ohun kan lọ́nà ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó dún bí ẹ̀rín tí wọ́n fi aṣọ dí lẹ́nu.

"Akọ̀wé," ni Alhaja wí pẹ̀lẹ́. "Bojú wẹ̀yìn."

Mo bojú wẹ̀yìn. Ṣíbí búlúù kan ló na ara rẹ̀ láti ìpẹ̀kun ògiri dé ìpẹ̀kun, gbogbo ohun tí ilé-iṣẹ́ náà ń ṣe sì kún inú rẹ̀ bí ẹ̀wà. Kókódùn àti Tasánsán wà lókè. Nísàlẹ̀ wọn ni Ọbẹ̀-Ìyá wà. Jíire wà níbẹ̀. Ìsun-Àpáta, Ayọ̀-Ọmọ, Àmugbádùn, gbogbo wọn ń wò mí. Oúnjẹ ajá pàápàá wà níbẹ̀. Mo dúpẹ́ pé mi ò sin ajá. Ní igun kan ni Tutùlẹ́nu rọra dúró sí, èyí tó wà lẹ́nu mi lọ́wọ́lọ́wọ́.

Mi ò mọ̀ bóyá kí n tu ú ni tàbí kí n gbé e mì. Mo gbé e mì lódindi, ó há. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wú ikọ́, Múkáílà ń gbá mi lẹ́yìn, agbára tó sì fi ń gbá mi ju ti àánú lọ. Alága ṣí ohun tó sún mọ́ ọn jù, ó sì dà á sí mi lẹ́nu. Ìsun-Àpáta ni. Báyìí ni mo ṣe fi omi Oníṣíbí gbé súìtì Oníṣíbí mì, lórí tábìlì Oníṣíbí.

Nígbà tí omidan náà padà wọlé, ojú rẹ̀ ti pọ́n. Mo ń kó ọjà mi padà sínú báàgì. Ìṣẹ́jú mélòó kan ló kù fún wa, Alága sì ń wo ilẹ̀. Alhaja ló lanu.

"Ọmọ mi, ṣé o rí i? Ọ̀gá àwọn tó ń bá yín jà rèé, ọjà yín ló kún ilé rẹ̀. Lọ́wọ́ mi ló ti ń rà á. Bí ọ̀tá yín bá ń rà á báyìí, ọ̀rẹ́ yín ńkọ́? Ṣùgbọ́n bí òjò bá dé tí kòtò yẹn tún gbé tírélà mì, mi ò ní rí ọjà kó wọlé, èèyàn ò sì ní rí ọ̀nà dé ọ̀dọ̀ mi. Ọjọ́ yẹn la ò ní ra ọjà yín lóòótọ́. Inú ọmọlanke la ti gbé aboyún lọ́jọ́sí. Ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín."

Omidan náà ò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó ní òun á fẹ́ fi ojú ara òun rí kòtò náà. Ó tẹ̀ lé wa lọ lọ́jọ́ náà gan-an, kòtò sì gba bàtà rẹ̀ kan, kò dá a padà. Mo rò pé bàtà yẹn ló ṣiṣẹ́ ju lẹ́tà mẹ́ta mi lọ. Kó tó lọ, ó ní àwọn ò tíì rí ẹni tó polówó ọjà àwọn lọ́fẹ̀ẹ́ tó báyìí rí.

Mo bi Alhaja pé kí ló dé tí kò sọ fún mi. Ó ní, "O ní iṣẹ́ ìwádìí niṣẹ́ ẹ. Lára àwọn yòókù, ẹ̀yìn ọ̀rá ni ṣíbí yẹn wà, ó kéré bí ojú èèrà. Èmi máa ń kà á kí n tó tà á."

Ní Sátidé, Alága ṣí ìwé òfin, ó kà á jáde, pẹ̀lú ìlà méjèèjì tí mo fà sí i nídìí. Mo mú ṣọ́bìrì. Múkáílà ló gbé ẹ̀gbà mi wá. Ó ti rán ọ̀rá àti páálí márààrún pọ̀ bí ìlẹ̀kẹ̀ ọba, ó fi aṣọ pupa tẹ́ ẹ nínú kó má baà ha mí lọ́rùn, ó sì so ike omi sí àárín. Gbogbo ìgbà tí mo bá bẹ̀rẹ̀ ni ike náà ń gbá mi láyà. Ó ya fọ́tò, mi ò sì nílò kí ẹnikẹ́ni sọ ohun tó kọ sábẹ́ rẹ̀ fún mi.

Kí òjò tó dé, katapílà Oníṣíbí dé. Wọ́n da òkúta, wọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, àwọn pẹ́pẹ́yẹ sì ṣí lọ.

Láti ọjọ́ náà, n kì í fi orúkọ mọ ilé tí ọjà ti wá mọ́. Bí ẹlẹ́rìí bá sọ ibi tí nǹkan ti wá fún mi, mo máa ń bi í ní ìbéèrè kejì: ta ló ni ín? Mo sì ń yí ọ̀rá padà wo ẹ̀yìn rẹ̀ kí n tó sọ̀rọ̀. Ẹ̀gbà náà ṣì wà lára ògiri ṣọ́ọ̀bù Múkáílà, ó ní àwọn oníbàárà fẹ́ràn iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀.

Ìyàwó mi ní tirẹ̀ kò dárí jì mí. Lálẹ́ àná, ó gbé àwo síwájú mi, ó kúnlẹ̀ wẹ́rẹ́, ó ní, "Bàbá Dúpẹ́, ọbẹ̀ òmìnira rèé o."

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Mo sì lá àwo náà mọ́.