Ara-fu-mí àti Ìkìlọ̀ Orí Fóònù

Ẹ bá mi kí Ara-fu-mí, ẹ má sì jókòó kí i. A-gbọ́-kó-tó-dún, a-rí-kó-tó-ṣẹlẹ̀, ọkùnrin tí ẹ̀rọ ń finú hàn. Bó bá ń wọlé síbi iṣẹ́ láàárọ̀, àyà rẹ̀ á ti wọlé tán kí ẹsẹ̀ tó tẹ̀lé e. Ó ní ẹ̀bùn kan tí Ọlọ́run ò fún ẹlòmíì: bí ẹ̀rọ bá fẹ́ ṣàìsàn, ara á fu ú.

Ilé iṣẹ́ tó ti ń ṣọ̀gá, oògùn ni wọ́n ń bá àwọn ilé ìwòsàn wá. Nọ́ọ̀sì á tẹ orúkọ oògùn sórí fóònù, kọ̀ǹpútà mẹ́ta tó ń ṣiṣẹ́ pọ̀ á sọ ibi tó wà fún un. Kò sẹ́ni tó rí kọ̀ǹpútà náà rí. Wọ́n háyà wọn ni, wọ́n ní orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń pè ní àwọsánmà ni wọ́n wà. Bí ọ̀kan bá kún tàbí tó kú, àwárí á dúró, aláìsàn á máa retí.

Ìdí nìyí tí ọ̀gá pátápátá, obìnrin kan tí kì í pariwo, fi ní kí wọ́n ṣètò ìkìlọ̀: kí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ máa fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí gbogbo òṣìṣẹ́ bí nǹkan bá fẹ́ bàjẹ́. Ara-fu-mí ní iṣẹ́ àgbà nìyẹn, kí wọ́n fi sílẹ̀ fóun. Ó tilẹ̀kùn mọ́rí fún ọjọ́ méjì. Nígbà tó jáde, ó fajú ro, ó ní òun ti gbìyànjú ẹ̀, kò wúlò, ariwo lásán ló ń pa.

Irọ́ gbuu. Ìkìlọ̀ ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Nọ́ńbà kan ṣoṣo ló fi síbẹ̀, tiẹ̀ ni.

Bí gbajúmọ̀ wa ṣe di wòlíì nìyẹn o. Fóònù á gbọ̀n lápò rẹ̀, á di orí mú, á ní ara fu òun, kí wọ́n lọ wo ẹ̀rọ kejì. Wọ́n á bá a tó ti kún dẹ́nu, wọ́n á pàtẹ́wọ́. Lọ́jọ́ kan ló gbàgbé ara rẹ̀, ó ní ara fu òun pé ẹ̀rọ kẹta ti kún dé ìdá mẹ́tàléláàádọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún. Akọ̀wé béèrè pé ara wo ló ń ṣírò báyìí. Ẹ̀rù bà á. Látìgbà náà ló ti ń kọ ohun tó máa ṣe mọ́ ìdí ìkìlọ̀ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ ṣáájú, kó lè máa bá ìkìlọ̀ wọlé sórí fóònù, kí ẹnu rẹ̀ má baà tún yọ.

Ẹni tó ń jìyà ẹ̀ ni Àǹtí Ẹ̀rọ, obìnrin tó jẹ́ pé iṣẹ́ rẹ̀ gan-an ni kó máa ṣọ́ àwọn kọ̀ǹpútà náà. Ọmọ mẹ́ta ló ń wojú ẹ̀, iṣẹ́ sì ti bọ́ lọ́wọ́ ọkọ ẹ̀. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń bi í pé kí ló ń wò tí ara fi ń fu ọ̀gá ẹ̀ kó tó rí i. Ó bẹ Ara-fu-mí pé kó jẹ́ kóun tún ìkìlọ̀ náà ṣètò. Ara-fu-mí ní ohun tí Ọlọ́run ò fún èèyàn, kó yé bẹ̀bẹ̀ fún un. Ó sì kọ̀wé sí ọ̀gá pátápátá pé kí wọ́n gbaṣẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀.

Aago mẹ́wàá òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n pèpàdé lórí ọ̀rọ̀ obìnrin náà. Gbogbo òṣìṣẹ́ pé. Ara-fu-mí wọ kóòtù tuntun, ó sì ti kọ ohun tó máa ṣe nípàdé mọ́ ìdí àwọn ìkìlọ̀ ọjọ́ náà. Ó ní kóun tó sọ̀rọ̀ ẹlòmíì, ó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ rí àwòrán òun níbi tí wọ́n ti fún òun níwèé ẹ̀rí. Ó so fóònù rẹ̀ mọ́ tẹlifíṣọ̀n ńlá ara ògiri, ó kọ̀yìn sí i, ó dojú kọ wọ́n.

"Ìmọ̀ ẹ̀rọ kì í ṣe ohun tí wọ́n ń kọ́," ló wí. "Inú ẹ̀jẹ̀ ló ń wà. Àǹtí yìí ò ní in, kì í ṣẹjọ́ ẹ̀."

Fóònù gbọ̀n lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wò ó. Gbogbo yàrá bá a wò ó lára ògiri, ní lẹ́tà gàdàgbà:

ÌKÌLỌ̀: Ẹ̀rọ kẹta ti kú. Dákẹ́ díẹ̀. Di orí mú. Sọ pé ara fu ẹ́.

Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó di orí mú. "Ara fu mí," ló ní. "Ẹ̀rọ kẹta ni."

Wọ́n ń wo ara wọn lójú. Ó rò pé ẹ̀rù òun ló ń bà wọ́n. Fóònù tún gbọ̀n:

ÌKÌLỌ̀: Ẹ̀rọ kìíní ń kún. Wo Àǹtí. Mi orí bí aláàánú. Jókòó kí wọ́n pàtẹ́wọ́.

Ó wo Àǹtí, ó mi orí, àánú pọ̀ níbẹ̀. Ó jókòó, ó gbẹ́sẹ̀ lé ẹsẹ̀, ó ń retí àtẹ́wọ́. Ẹ̀rín ló gbà. Ọ̀dọ̀ akọ̀wé ló ti bẹ̀rẹ̀, ó sì gba gbogbo yàrá. Ọ̀gá pátápátá nìkan ni ò rẹ́rìn-ín.

"Ẹ wo ẹ̀yìn yín," ló sọ fún un.

Ó wẹ̀yìn. Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo lòtítọ́ máa bá a; ti gbajúmọ̀ wa ò tilẹ̀ pé oṣù mẹ́fà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í làágùn nínú kóòtù. Ó ní kí wọ́n jọ̀ọ́, òun lè ṣàlàyé.

"Ògiri ti ṣàlàyé," ni obìnrin náà wí. "Ẹ gbé fóònù yẹn fún Àǹtí."

Inú ń bí Àǹtí Ẹ̀rọ, inú ẹ̀ sì tún ń dùn, àmọ́ àwọn nọ́ọ̀sì ń dúró. Ó fi nọ́ńbà gbogbo wọn síbi ìkìlọ̀, títí kan ti akọ̀wé. Ó pa ọ̀kan rẹ́. Ó dá fóònù padà sórí tábìlì fún oní-nǹkan.

Lójú ẹsẹ̀ ni fóònù méjìlá dún nínú yàrá. Wọ́n wò ó, wọ́n dìde, wọ́n tẹ̀lé Àǹtí lọ sídìí iṣẹ́. Fóònù orí tábìlì ò dún. Ara-fu-mí di akọ̀wé láṣọ mú lẹ́nu ọ̀nà.

"Jọ̀ọ́," ló ní, "kí ló ṣẹlẹ̀?"