Ọjọ́ Tí Ìbídùn Kúnlẹ̀ Nídìí Ọkọ̀

Ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa òwe pé ẹni tó wà nídìí ọkọ̀ kì í kúnlẹ̀ kí àgbà? Ẹ ò mọ̀ ọ́n. Ẹ kàn ń pa á ni. Ẹ jókòó dáadáa. Ẹni tó bá ń jẹ ẹ̀pà, kó gbé e mì kí n tó dé àárín ìtàn, torí ibẹ̀ le.

Ní ìlú Ọ̀kẹ̀dè, ilé ìgbẹ̀bí kan wà tó ní ọkọ̀ Pijó kan. Àwọn ọmọ ìlú tó wà lẹ́yìn odi ló rà á ránṣẹ́, kí wọ́n lè máa fi gbé aboyún tí ìrọbí bá le fún lọ sí ọsibítù ńlá. Bàbá Lásísì ló ń wà á. Nígbà tó yá, ojú Bàbá Lásísì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Lọ́jọ́ kan ó rí ewúrẹ́ lójú títì, ó pè é ní ọlọ́pàá, ó dúró, ó ń kí i. Wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọkọ̀ wá wà nílẹ̀, kò sí awakọ̀. Àwọn tó rà á fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sílé pé bí ẹnì kankan ní Ọ̀kẹ̀dè kò bá gba láísẹ́ǹsì kí ọdún tó yípo, àwọn á gbé ọkọ̀ náà fún ìlú mìíràn. Ẹ̀yin tí ọkọ̀ ti pẹ́ dé bá rí, ẹ mọ ohun tí ọ̀rọ̀ náà jẹ́. N kò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìbídùn, agbẹ̀bí ilé náà, ní òun á kọ́ ọkọ̀. Bàbá Lásísì ní òun á kọ́ ọ.

Ọkọ̀ ò nira fún Ìbídùn. Ọwọ́ rẹ̀ balẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ló ń dà á láàmú: kò lè rí àgbà kó má kúnlẹ̀. Ìyá ọkọ rẹ̀, Ìyá Ọdẹ́yalé, ló sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Ìbídùn ṣẹ̀ṣẹ̀ délé ọkọ, ó ru omi bọ̀ láti odò, ó fi orúnkún kan kí ìyá. Ìyá tẹjú mọ́ orúnkún kejì.

Ó ní, "Ìyẹn ńkọ́? Ṣé ó ń bínú sí mi ni?"

Láti ọjọ́ náà, orúnkún méjèèjì ló ń kanlẹ̀. Nínú ilé yẹn sì rèé, ẹni tó bá kúnlẹ̀ kì í dìde títí ìyá á fi sọ pé, "Dìde." Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ yẹn sápò. A máa nílò rẹ̀.

Bí Ìbídùn bá ń kọ́ ọkọ̀, tó rí àgbà, á tẹ bíréèkì, á pa ọkọ̀, á sọ̀ kalẹ̀, á kúnlẹ̀ sínú erùpẹ̀. "Ẹ káàárọ̀ mà. Ṣé ara le? Ẹsẹ̀ tó ń dùn yín yẹn ńkọ́?" Nígbà tí wọ́n bá ní kó dìde, á gbọn aṣọ, á padà sídìí ọkọ̀. Láti ilé ìgbẹ̀bí dé ilé ẹ̀kọ́ kò jìnnà. Èèyàn lè gbé ẹ̀kọ gbígbóná dé ibẹ̀ kó má tíì tutù. Wọ́n jáde láàárọ̀, ọ̀sán ni wọ́n débẹ̀.

Bàbá Lásísì fi ọwọ́ lérán. "Ìbídùn, ṣé ọkọ̀ ni mò ń kọ́ ọ, àbí mò ń sìn ọ́ kí ará ìlú?"

"Ẹ má bínú, Bàbá. Àgbà ni wọ́n."

"Àgbà ni wọ́n! Bí ọ̀gá tó ń dán awakọ̀ wò bá jókòó tì ọ́, tó o sọ̀ kalẹ̀, ó ti parí nìyẹn. Máa mi orí sí wọn."

Ó ń mi orí. Kí oòrùn tó wọ̀, ẹjọ́ ti délé.

Ìyá Ọdẹ́yalé pe ọmọ rẹ̀. "Ọdẹ́yalé, ìyàwó rẹ ń mi orí sí mi bí alángbá. Ṣé orí ògiri ni òun àti èmi wà ni?"

"Màámi, ọkọ̀ ló ń kọ́."

"Ọkọ̀ ló ní kó má lórúnkún mọ́?"

Ọdẹ́yalé bẹ̀bẹ̀ títí. Ìyá gbà, ṣùgbọ́n ó gbà á bí ẹni gba oògùn kíkorò.

Wọ́n wá ń dúró de ọ̀gá tó ń dánni wò. Òjò rọ̀, òjò dá, wọn ò rí i. Iṣu tuntun dé, wọn ò rí i. Ọyẹ́ bẹ̀rẹ̀, ètè gbogbo ìlú là, wọn ò rí i. Ọdún ń yípo lọ. Ìgbà tí ó kù díẹ̀ kó yípo tán ni ìròyìn dé pé ọ̀gá náà, Ọ̀gbẹ́ni Ajíbóyè, ń bọ̀ láàárọ̀ ọ̀la.

Kí n má gbàgbé: àga ìdí ọkọ̀ náà ti há sẹ́yìn, torí Bàbá Lásísì ga bí ọ̀pẹ. Ìbídùn kúrú. Tìmùtìmù ni wọ́n kì sí i lẹ́yìn, tó fi jókòó sí etí àga. Àyè tó wà níwájú rẹ̀ níbẹ̀, ẹ lè tẹ́ ẹní sí i.

Ní àárọ̀ ìdánwò, Bàbá Lásísì lọ láti ilé dé ilé. "Ẹ jọ̀ọ́, kí àgbà kankan má jáde láàárọ̀ yìí."

Ẹ gbọ́ ohun tí ọkùnrin yìí ṣe! Ó sọ fún àgbà pé kó má jáde! Àwọn tí kò yọjú síta láti ọjọ́ pípẹ́ ti gbé àga sẹ́bàá títì. Bàbá Olúkòtún tí kò lè rìn ní kí wọ́n gbé òun jáde tibùsùn-tibùsùn. "Mo fẹ́ rí ohun tí wọn ò fẹ́ kí n rí."

Ìbídùn gbéra, Ọ̀gbẹ́ni Ajíbóyè jókòó tì í. Àwọn àgbà wà lọ́tùn-ún, wọ́n wà lósì.

"Ìbídùn, má kí wa o!"

"Ojú títì ni kó o máa wò! A ti gbà pé o kí wa!"

Òógùn bò ó. Ó fi eyín há ètè. Ọ̀gbẹ́ni Ajíbóyè wò ó.

"Mádàámù, ṣé ara yín yá?"

"Ara mi yá, sà. Orúnkún ni."

"Kí ló ṣe orúnkún?"

"Ó fẹ́ kí wọn."

Ọ̀gbẹ́ni Ajíbóyè wo orúnkún náà, ó kọ nǹkan sínú ìwé rẹ̀.

Ìbídùn wakọ̀ dáadáa. Ó ku ohun kan péré, kó fi ẹ̀yìn wọ àárín agbá méjì níwájú ilé ìgbẹ̀bí. Ìyá Ọdẹ́yalé jókòó síbẹ̀. Ó ti ṣèlérí pé òun ò ní sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó rí ìyàwó ọmọ rẹ̀ tó ń darí ọkọ̀ bí ẹni darí abẹ́rẹ́, inú rẹ̀ dùn kọjá ìlérí. Ó fò dìde.

"Àmọ̀kẹ́! Àmọ̀kẹ́ mi! Ọmọ ọlọ́wọ́ ẹ̀rọ̀ tí í gbọmọ lọ́wọ́ ewu!"

Háà! Ẹ̀yin obìnrin tó wà níbí, ẹ dá mi lóhùn. Bí ìyá ọkọ yín, tí kò pè yín ní nǹkan kan rí ju "ìyàwó" lọ, bá ṣàdédé kì yín lójú gbogbo ìlú, ṣé orúnkún yín á tọrọ àyè lọ́wọ́ yín?

Ìbídùn pòórá.

Ọ̀gbẹ́ni Ajíbóyè yíjú sí ọ̀dọ̀ awakọ̀, kò rí awakọ̀. Tìmùtìmù nìkan ló jókòó síbẹ̀. Ohùn kan dún láti ìsàlẹ̀: "Ẹ káàárọ̀ mà!"

Orúnkún ọ̀tún ti gúnlẹ̀ sórí tọ́tù, irin tó ń mú ọkọ̀ sáré.

Ọkọ̀ ké, ó fi ẹ̀yìn sáré. Agbá fò lọ sápá kan, èkejì fò lọ sápá kejì. Ó gba orí láfún tí Ìyá Mọ́sùn sá kọjá, gbogbo àdúgbò funfun. Ó wọ ọgbà ẹlẹ́dẹ̀ Kátíkísì ṣọ́ọ̀ṣì, ó jáde lódì kejì, ẹlẹ́dẹ̀ kan ń wo ìta láti orí bónẹ́ẹ̀tì. Ó dojú kọ ibùsùn Bàbá Olúkòtún. Bàbá tí kò lè rìn dìde, ó sá! Kò sì padà sórí ibùsùn náà lọ́sàn-án mọ́.

"Mádàámù, ẹ dìde!" Ọ̀gbẹ́ni Ajíbóyè ń pariwo.

"Kò ṣeé ṣe, sà. Ìyá ò tíì ní kí n dìde."

"Èmi ní kí ẹ dìde! Ìjọba ní kí ẹ dìde!"

"Ẹ má bínú, sà. Ìjọba kọ́ ni mo kúnlẹ̀ fún."

Ìyá Ọdẹ́yalé ń sáré bọ̀ lẹ́yìn, gèlè ti já, bàtà ti ku ẹyọ kan. "Dìde! Dìde o, ọmọ mi!" Ariwo ọkọ̀ gbé ohùn rẹ̀ mì. Gbogbo ìlú bá a ké e: "Ó ní kó o dìde o!" Ìbídùn gbọ́ ohùn ìlú, kò gbọ́ ohùn ìyá. Ó tẹ orúnkún mọ́lẹ̀ sí i.

Gbàmù! Ọkọ̀ já sínú kòtò omi tí wọ́n ń rẹ ẹ̀gẹ́ sí, ó kú.

Ariwo ọkọ̀ dá. Ìyá dé, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Dìde."

Ìbídùn dìde. "Ẹ ṣé mà." Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. "Ta ló gbé wa wá síbí?"

Ọ̀gbẹ́ni Ajíbóyè jáde sínú omi. Láfún wà lórí rẹ̀, omi ẹ̀gẹ́ wà ní ìdí rẹ̀, òórùn wà ní ibi gbogbo. Ó ní, "Ẹ fìdí rẹmi, mádàámù."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Aboyún kan dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìgbẹ̀bí, ó fọwọ́ ti ìbàdí, ó ń wo ọkọ̀ náà.

Ìyá Ọdẹ́yalé rí obìnrin náà. Ó wọ inú omi, ó sì kúnlẹ̀. Orúnkún méjèèjì. Níwájú Ajíbóyè, tí kò tó àbíkẹ́yìn rẹ̀!

"Èèwọ̀!" ni gbogbo ìlú ké.

"Ọmọ mi," ni ìyá wí, "èmi ni mo fìdí rẹmi, òun kọ́. Jẹ́ kó tún un wà."

Ajíbóyè ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú omi ẹ̀gẹ́. "Ẹ dìde, mà! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde!"

"Ó di ìgbà tó o bá gbà."

"Mo gbà, mà! Mo gbà!"

Wọ́n tún agbá méjèèjì tò, wọ́n fa ọkọ̀ jáde, ó sì jí, torí Pijó àtijọ́ kì í ṣe ọ̀lẹ. Ìyá wọ ẹ̀yìn ọkọ̀.

"Ẹ ṣé mà," ni Ìbídùn wí, ìbàdí rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀ kúrò lórí àga.

"Àmọ̀kẹ́! Bí orúnkún yẹn bá kanlẹ̀, ilé bàbá rẹ lò ń lọ."

Ìbídùn jókòó padà. Wọ́n gbéra. Kábíyèsí ti gbọ́ ariwo, ó sì jáde sójú ọ̀nà fúnra rẹ̀. Gbogbo ìlú dọ̀bálẹ̀, gbogbo ìlú kúnlẹ̀. Ìbídùn ò ṣẹ́jú. Ó kọjá lára ọba bí ẹni kọjá lára igi ìrókò. Ẹnu gbogbo èèyàn là.

Ìyá Ọdẹ́yalé yọrí lójú fèrèsé. "Kábíyèsí, ẹ má bínú o! Ẹni tó wà nídìí ọkọ̀ kì í kúnlẹ̀ kí àgbà!"

Ọba rẹ́rìn-ín títí ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn rẹ̀ fi ń ró.

Ìbídùn fi ẹ̀yìn wọ àárín agbá, kò kan ọ̀kankan. Ó yíjú sí Ọ̀gbẹ́ni Ajíbóyè, kò rí i. Ọkùnrin náà wà nílẹ̀ ọkọ̀, ó ṣì ń kí Kábíyèsí.

"Ṣé ó wọlé?" ni ó bèèrè láti ìsàlẹ̀.

"Ó wọlé!" ni gbogbo ìlú dáhùn.

"Ó yege."

Kò pẹ́ tí ìrọbí fi mú aboyún ọjọ́sí, ó sì le. Ìbídùn gbé e. Ó kọjá níwájú gbogbo àgbà Ọ̀kẹ̀dè, kò kí ẹyọ ẹnì kan. Ńṣe ni wọ́n ń kó àga wọn kúrò lọ́nà. Wọ́n tètè dé ọsibítù ńlá. Ọmọ wà, ìyá ọmọ náà wà.

Nítorí náà, bí ẹ bá rí ẹni tí ẹ̀mí wà lọ́wọ́ rẹ̀, tí kò rójú kí yín, ẹ má fajú ro. Ẹni tó wà nídìí ọkọ̀ kì í kúnlẹ̀ kí àgbà. Bó bá sì ṣèèṣì kúnlẹ̀, ẹ̀yin àgbà, mo bẹ̀ yín, ẹ tètè ní kó dìde.