Ọgbà Làbẹ̀làbẹ̀ Bàbá Adéṣọ̀kan

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó yìí, ṣé ẹ mọ ohun tó fà á táwọn àgbà Òkè-Àgbọ̀n fi máa ń sọ pé, "Ẹni tó ń retí ìdọ̀bálẹ̀ àna kì í gbin làbẹ̀làbẹ̀ sójúde"? Ẹ ò mọ̀ ọ́n. Ẹ kàn ń mi orí ni. Ó yá, ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu mi.

Bàbá Adéṣọ̀kan ló dá a sílẹ̀. Ọgbọ̀n ọdún ló fi tọ́jú òdòdó nílé àlejò ìjọba, nígbà tó sì fẹ̀yìn tì, ó kó gbogbo ìgbéraga iṣẹ́ náà wálé. Òdòdó tí aráyé ń gbìn kò jọ ọ́ lójú. Ó lọ sétí odò, ó hú làbẹ̀làbẹ̀, koríko tí etí ewé rẹ̀ mú bí abẹ ìfárí, ó wá gbìn ín sójúde ní ìlà-ìlà. Ó ní ewé rẹ̀ máa ń dán nínú oòrùn, pé ó máa ń jó bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́. Irọ́ ni. Ó kàn fẹ́ káwọn èèyàn máa dúró béèrè ohun tó jẹ́ ni.

Omi láàárọ̀, omi nírọ̀lẹ́, ìgbẹ́ ewúrẹ́ sí ìdí rẹ̀. Bí ewé kan bá rọ, á fi àlùmọ́gàjí gé e. Bí ìdí kan bá ti ki jù, á pín in sí méjì, á tún gbin ọ̀kan síwájú. Báyìí ni làbẹ̀làbẹ̀ ṣe jẹ ojúde tán, tó wá ku ọ̀nà tóóró kan tí ewúrẹ́ méjì ò lè ti pàdé ara wọn.

Ibi tọ́rọ̀ dé nìyí táwọn ará ilé Gbádébọ̀ fi ránṣẹ́ pé àwọn ń bọ̀ wá tọrọ Ìbídùn, ọmọ bàbá. Ẹ jẹ́ kó yé yín o: Ìbídùn ti pé ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, àfẹ́sọ́nà méjì ló sì ti sá lọ nítorí ẹnu baba rẹ̀. Ó fẹ́ràn Gbádébọ̀ yìí débi pé ó ń dá rẹ́rìn-ín sí ìkòkò ọbẹ̀.

"Baba Ìbídùn," ni ìyàwó bàbá sọ, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ ro koríko yìí kúrò. Níbo làwọn àna máa dọ̀bálẹ̀ sí?"

"Koríko kẹ̀? Òdòdó ni! Wọ́n á dọ̀bálẹ̀ lójú ọ̀nà."

"Ó dáa. Bí eléyìí bá tún sá, inú òdòdó yẹn ni kẹ́ ẹ máa sùn."

Ọjọ́ pé. Gbádébọ̀ dé tòun tọ̀rẹ́ márùn-ún àti ẹ̀gbọ́n baba rẹ̀, Bàbá Àjíkẹ́, àgbàlagbà kan tí ẹnu rẹ̀ ò níbòdè. Lagilagi ni ọkọ ìyàwó, ó sì tóbi. Ikùn rẹ̀ nìkan ni ọ̀nà tóóró náà gbà. Ó rọra wólẹ̀, ó ká apá méjèèjì mọ́ra.

Bàbá Adéṣọ̀kan wúkọ́. "Ìdọ̀bálẹ̀ wo nìyẹn? Gbọọrọ là ń dọ̀bálẹ̀ nílé tiwa! Ẹ na apá! Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ náà, ẹ bọ́ sílẹ̀!"

Gbádébọ̀ wo Ìbídùn lójú fèrèsé. Ìfẹ́ kì í jẹ́ kéèyàn ronú. Ó na ara rẹ̀ gbalaja, àwọn márààrún sì tẹ̀ lé e.

"Yéè! Ẹ gbà mí o!"

Mẹ́fẹ̀ẹ̀fà fò dìde lẹ́ẹ̀kan náà, aṣọ ti ya, apá ń ṣẹ̀jẹ̀. Ọ̀kan tiẹ̀ fò sẹ́yìn, ó fìdí jókòó sínú ìlà kejì, tiẹ̀ ló wá burú jù.

"Àna wa," ni Bàbá Àjíkẹ́ wí, "ṣé ẹ fẹ́ fún wa níyàwó ni, àbí ẹ fẹ́ kọ wá nílà?"

Ẹ̀rín sọ. Orí Bàbá Adéṣọ̀kan gbóná. "Òdòdó lásán ló ń pa ọkùnrin mẹ́fà lẹ́kún! Ṣé irú ọkọ tí mo máa fọmọ mi fún nìyí?"

Nínú ilé, Ìbídùn bú sẹ́kún. Irú ẹnu baba rẹ̀ yìí ló lé àfẹ́sọ́nà méjì àkọ́kọ́ lọ.

"Kí ni ewé yìí ṣe?" ni bàbá wí. "Ẹ wò mí!"

Kí ìyàwó rẹ̀ tó dì í mú, bàbá ti nà gbọọrọ sínú ọgbà, àyà kan ilẹ̀, apá wà níwájú, orí kọjú sí ẹsẹ̀ Gbádébọ̀.

Baba ìyàwó dọ̀bálẹ̀ fún ọkọ ọmọ! Ó fẹ́ dìde, làbẹ̀làbẹ̀ ti gbá a mú ní bùbá, ó gbá a mú ní ṣòkòtò. Ó yí sọ́tùn-ún, ó gé e. Ó yí sósì, ó tún gé e. Bàbá Àjíkẹ́ bá sún mọ́ ọn, ó gbọ́wọ́ lé e lẹ́yìn bí àna ti í ṣe, ó ní:

"Ó tó bẹ́ẹ̀, ọmọ wa. Dìde. Ẹ̀bẹ̀ rẹ ti wọlé, a ti fi Gbádébọ̀ fún ẹ."

Ẹni tó ti dọ̀bálẹ̀ ò lè tún máa lé àna. Láti inú koríko níbẹ̀ ló ti ní kí wọ́n máa mú Ìbídùn lọ, kí wọ́n ṣáà kọ́kọ́ wá àdá gé òun jáde. Gbádébọ̀ fúnra rẹ̀ ló gé e jáde, Ìbídùn sì ń fi ẹ̀rín nu omijé. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni bàbá ò lè fi ikùn sùn, gbogbo ẹni tó bá sì ń kọjá ló ń kí i pé, "Ẹ kú oríire ìgbéyàwó o, ọkọ yín ńkọ́?"

Ẹ wá rí i pé àwọn àgbà ò fẹnu lásán sọ ọ́: ẹni tó ń retí ìdọ̀bálẹ̀ àna kì í gbin làbẹ̀làbẹ̀ sójúde.