Àna Tí Wọ́n Gbàgbé Sórí Igi Ọsàn

Ẹjọ́ kan dé ààfin lánàá tòun tàkàsọ̀. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà oko ọsàn ló gbé àkàsọ̀ náà léjìká, pé ẹ̀rí ni. Onígbàjámọ̀ tí wọ́n fẹ̀sùn kàn tẹ̀lé e, ìyàwó rẹ̀ tẹ̀lé ọkọ, ìyá ìyàwó ló sì kẹ́yìn, ewé ọsàn ṣì wà nínú gèlè wọn.

Kò sẹ́ni tí ò mọ oko ọsàn ẹ̀yìn ìlú. Tí ọsàn bá ti pọ́n, àwọn ará ìlú á wa ọkọ̀ lọ síbẹ̀, ìdílé kan á gba àkàsọ̀ kan, wọ́n á fọwọ́ ara wọn ká èso, wọ́n á máa ṣe bí àgbẹ̀ títí oòrùn á fi rọlẹ̀.

"Ìyá, kí ló dé?" ni Ọba bi wọ́n.

"Kábíyèsí, ọkọ ọmọ mi gbàgbé mi sórí igi. Agbọ̀n ọsàn mẹ́ta, ó rántí ìyẹn. Wákàtí mẹ́ta ni mo fi jókòó síbẹ̀ kí ẹ̀ṣọ́ tó gbé àkàsọ̀ yìí padà wá. Mo wá gba ọmọ mi ni. Ẹni tó lè gbàgbé èmi tí mo sanra tó báyìí, ọjọ́ wo ni ò ní gbàgbé rẹ̀ síbì kan?"

Àwọn ìjòyè wo bí ìyá ṣe tóbi tó, wọ́n gbà pé ẹjọ́ náà lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

Onígbàjámọ̀ fẹ́ràn ìyàwó rẹ̀ dénú. Ẹnu rẹ̀ ni ọ̀tá rẹ̀.

"Kábíyèsí, òfin ni mo pa mọ́. Wọ́n ní kí àkàsọ̀ padà sẹ́nu ọ̀nà kó tó di aago mẹ́rin. Mo dá a padà. Kò síbi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé kí àna padà."

"Ẹ̀ṣọ́, ṣé òótọ́ ni?"

"Òótọ́ ni, Kábíyèsí. Ọdún keje rèé tí mo ti ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà yẹn, kò sẹ́ni tó dá àkàsọ̀ padà wọ́ọ́rọ́wọ́ bíi tirẹ̀. Mo tiẹ̀ yìn ín."

"O ò gbọ́ igbe ìyá?"

"Mo gbọ́. Mo rò pé orin ni."

"Èmi ò pariwo rárá," ni ìyá wí.

"Orin ni lóòótọ́, èmi ni mo ń kọ ọ́." Aránṣọ kan láàárín èrò ìwòran, tó ń ká ọsàn lórí igi kejì nígbà náà, ló sọ̀rọ̀. "Ṣùgbọ́n ìyá rí ọkọ ọmọ wọn nígbà tó ń gbé àkàsọ̀ lọ. Ìṣojú mi ni wọ́n jẹ ọsàn méjì, wọn ò sọ nǹkan kan. Mo ní bóyá ọ̀rọ̀ ẹbí ni."

"Ìyá, ẹ rí i?"

Ìyá wolẹ̀. "Mo rí i. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá á rántí mi fúnra rẹ̀. Mo ní kó tó dẹ́nu ọ̀nà, á rántí. Kò rántí. Ó dùn mí, Kábíyèsí."

Ọba kọjú sí ìyàwó.

"Ìwọ ńkọ́? O ò wẹ̀yìn ọkọ̀?"

"Mo wò ó, Kábíyèsí. Mo rí i pé àwọn agbọ̀n pé, ọkàn mi balẹ̀." Ó bú sẹ́kún. "Ẹ jọ̀ọ́, mi ò fẹ́ kúrò nílé ọkọ mi."

Ìjòyè kan ní kí wọ́n gbé tọkọtaya gun igi. Òmíràn ní kí wọ́n gé igi náà. Ọba ní kí àwọn méjèèjì panu mọ́.

"Onígbàjámọ̀, o mọ abẹ lò. Gbé agbọ̀n mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wá síwájú ààfin. Ìwọ lo máa bó ọsàn fún ìyá lọ́kọ̀ọ̀kan, ìyàwó rẹ á gbé àwo dání. O ò ní gé irun ẹnikẹ́ni títí agbọ̀n á fi ṣófo. Ìgbà tí ìyá bá jẹ èyí tó gbẹ̀yìn tán, wọ́n á sọ bóyá ọmọ wọn ń bá wọn lọ."

Onígbàjámọ̀ dọ̀bálẹ̀, ó dúpẹ́. Ó rò pé iṣẹ́ ọjọ́ kan ni. Kò rántí pé eyín mẹ́rin péré ló kù lẹ́nu ìyá.

Láàárọ̀ yìí, orí ọsàn kọkànlá ni wọ́n ṣì wà. Onígbàjámọ̀ bi ìyá pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bóyá kí òun rẹ́ ẹ sí wẹ́wẹ́. Wọ́n ní kó má ṣèyọnu, pé ẹni tí ò kánjú lórí igi, kí ló máa kánjú sí lórí àga.