Ta Ló Gbé Òdòdó Òkú Sẹ́nu Ọ̀nà Láoyè?

Òjò àárọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ní Òrè. Fẹ́yìsayọ̀, tó ń ta òdòdó lẹ́bàá títì márosẹ̀, ń to ìkòkò òdòdó rẹ̀ síta nígbà tí Láoyè, àgbà àgbẹ̀ kòkó kan láti Omifunfun, yọ sí i pẹ̀lú àpò ńlá kan lábẹ́ abíyá. Bàbá náà gbójú sókè wo pátákó ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n kọ ILE ODODO síbẹ̀ gàdàgbà, láìsí àmì kankan lórí rẹ̀.

LÁOYÈ: Ọmọ mi, ṣé ibí ni ilé òdodo?

FẸ́YÌSAYỌ̀: Ẹ káàárọ̀, bàbá. Ilé òdòdó ni.

LÁOYÈ: Mo dúpẹ́. Òdodo ni mo ń wá láti àárọ̀.

FẸ́YÌSAYỌ̀: Òdòdó, bàbá! Èyí tó ń hù.

LÁOYÈ: Bí wọ́n rì í mọ́lẹ̀ títí, òdodo á hù jáde.

FẸ́YÌSAYỌ̀: Èyí tí à ń bomi sí ni mò ń wí!

LÁOYÈ: (Ó ń wò ó tìfura-tìfura.) Òdodo tí wọ́n bomi sí? Irọ́ nìyẹn, ọmọ mi.

FẸ́YÌSAYỌ̀: Bàbá, kí ló dé gan-an?

LÁOYÈ: Ẹnì kan fẹ́ pa mí.

(Korobá omi bọ́ lọ́wọ́ Fẹ́yìsayọ̀. Ojú rẹ̀ ń dán. Ó fa àga méjì jáde kíákíá.)

FẸ́YÌSAYỌ̀: Ẹ jókòó. Orí yín ló gbé yín wá. Ní gbogbo Òrè yìí, ta ló mọ ìwádìí bíi tèmi? Èmi fúnra mi ni mo mú ẹni tó ń ba ọjà mi jẹ́. Mo tọ ẹsẹ̀ rẹ̀ títí mo fi bá a.

LÁOYÈ: Ṣé ó jẹ́wọ́?

FẸ́YÌSAYỌ̀: Ó ní “mẹ̀ẹ́”. Ewúrẹ́ ni. Ó yá, ta ló ń bá yín gbélé?

LÁOYÈ: Ìyá Ìyìn, ìyàwó mi, nìkan ni. Láti àná ló ti lọ sí Odìgbò. Ó ní òun fẹ́ ra ìrẹsì.

FẸ́YÌSAYỌ̀: Díẹ̀ ni, àbí púpọ̀?

LÁOYÈ: Ó ní kí wọ́n fi mọ́tò kó o bọ̀.

FẸ́YÌSAYỌ̀: Fún ẹni méjì? Ìrẹsì ìsìnkú nìyẹn.

LÁOYÈ: Yéè!

FẸ́YÌSAYỌ̀: Ǹjẹ́ ìwà rẹ̀ yí padà?

LÁOYÈ: Ó ti di onínúure. Ẹran tirẹ̀ gan-an ló ń mú kún tèmi.

FẸ́YÌSAYỌ̀: Bí wọ́n ṣe ń bọ́ àgbò nìyẹn kí iléyá tó dé. Kí ló tún ṣe?

LÁOYÈ: Ó pe ọkùnrin kan wá wọ̀n mí, láti èjìká títí dé ọrùn ẹsẹ̀.

FẸ́YÌSAYỌ̀: Télọ̀ ni, àbí káfíńtà?

LÁOYÈ: N kò bi í! Ó kàn ní kí n má mìí fúngbà díẹ̀.

FẸ́YÌSAYỌ̀: Wọ́n ti ń dán an wò.

(Láoyè dì mọ́ ìkòkò òdòdó kan.)

LÁOYÈ: Ní ṣọ́ọ̀ṣì náà, bí mo bá ti yọ báyìí, gbogbo wọn á dákẹ́. “Sátidé” nìkan ni mò ń gbọ́ lẹ́nu wọn.

FẸ́YÌSAYỌ̀: Ọjọ́ òkú ni Sátidé! Bàbá, ẹ fọkàn balẹ̀. Ìyàwó yín ló fẹ́ pa yín.

LÁOYÈ: Ìyá Ìyìn? Ẹni tó fi ẹ̀yìn pọ̀n mí jáde lóko lọ́jọ́ tí ejò bù mí jẹ?

FẸ́YÌSAYỌ̀: Kò fẹ́ kí ejò bá òun du iṣẹ́ ni. Ṣùgbọ́n kí lẹ rí tẹ́ ẹ fi sá wá síbí?

(Láoyè tú àpò. Ó fa òdòdó òkú ńlá kan jáde, rìbìtì bí ẹsẹ̀ mọ́tò. Wọ́n kọ ọ́ sára rẹ̀ pé: SÙN UN RE O, BÀBÁ LÁOYÈ.)

LÁOYÈ: Ẹnu ọ̀nà mi ni mo ti bá a láàárọ̀ yìí. Èmi sì ni Láoyè!

FẸ́YÌSAYỌ̀: Háà! Ẹ wo bí wọ́n ṣe dì í! Ẹ wo bí funfun ṣe bá pupa mu! Ọ̀daràn yìí mọṣẹ́, bàbá. Ní gbogbo Òrè, ẹnì kan ṣoṣo ló lè ta kókó báyìí, ẹni náà sì ni...

LÁOYÈ: Ta ni?

FẸ́YÌSAYỌ̀: Ẹ jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ yìí lé Ọlọ́run lọ́wọ́.

LÁOYÈ: O mọ̀ ọ́n!

FẸ́YÌSAYỌ̀: Mo mọ̀ ọ́n díẹ̀. Ọmọlúwàbí ni.

LÁOYÈ: Níbo ló ń gbé?

FẸ́YÌSAYỌ̀: Bàbá, ẹ má wò mí báyẹn.

LÁOYÈ: Ìwọ ni!

(Fẹ́yìsayọ̀ kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀.)

FẸ́YÌSAYỌ̀: Ẹ jọ̀ọ́, bàbá! Ìyàwó yín ló pè mí lórí fóònù. Àwọn tírélà ń pariwo, n kò gbọ́ tán. Ó ní, “Láoyè ọkọ mi, ní Omifunfun, ti sinmi. Ẹ bá mi fi òdòdó tó rẹwà yẹ́ ẹ sí.” Mo sunkún! Mo ní kí awakọ̀ kan sáré gbé e lọ fún wọn.

LÁOYÈ: Ṣùgbọ́n mo ti sinmi lóòótọ́.

FẸ́YÌSAYỌ̀: (Ó fò sẹ́yìn.) Ẹ ti kú?

LÁOYÈ: Iṣẹ́ oko ni mo sinmi! Orúnkún mi kò gbà á mọ́, mo ní ó tó gẹ́ẹ́. Inú Ìyá Ìyìn dùn, ó ní gbogbo ayé ló máa bá òun yọ̀.

FẸ́YÌSAYỌ̀: Ìrẹsì ayẹyẹ ni nígbà náà! Télọ̀ lọkùnrin yẹn! Bàbá, Sátidé ni wọ́n fẹ́ yẹ́ yín sí!

LÁOYÈ: (Ó ń nu omijé.) Obìnrin rere. Láti ìgbà tí mo ti jókòó ni mo sì ti ń bẹ Ọlọ́run nínú ọkàn mi pé kó tètè mú un ṣáájú mi.

FẸ́YÌSAYỌ̀: Ẹ tètè bẹ̀ Ẹ́ kó má dáhùn. Ẹ dìde, ẹ máa lọ sílé.

(Láoyè kò dìde.)

LÁOYÈ: Ilé wo? Nígbà tí mo rí òdòdó yìí láàárọ̀, mo pe ẹbí jọ, mo pín ogún mi.

FẸ́YÌSAYỌ̀: Gbogbo rẹ̀?

LÁOYÈ: Títí kan bẹ́ẹ̀dì. Rìlwánù, ọkọ ọmọ mi, ló gba ọ̀kadà.

FẸ́YÌSAYỌ̀: Kí lẹ wá gùn dé ibí?

LÁOYÈ: Òun náà ló gbé mi wá. Ó ní kí n kọ́kọ́ fọ ẹsẹ̀ mi kí n tó gun ọ̀kadà òun.