Bí Àdìgún Ṣe Gba Ẹja Mẹ́fà Lọ́wọ́ Iyọ̀ àti Iná

Ẹ̀yin ará Ìkòròdú, àtàwọn tó ní odò lẹ́yìnkùlé àtàwọn tó jẹ́ pé kànga ni wọ́n gbójú lé, ẹ yọ bàtà lẹ́sẹ̀ kí n tó lanu, nítorí orúkọ tí mo fẹ́ dá yìí kì í ṣe orúkọ tí à ń fi ẹsẹ̀ eléruku gbọ́. Ọkọ mi ni mo fẹ́ kì. Alhaji Mùráínà Àdìgún, ọmọ-ọmọ Làwàní tó dá wa ọkọ̀ sórí ọ̀sà Ẹ̀pẹ́ láàárọ̀, tó sì wọ́ odidi ọ̀nì bọ̀ nírọ̀lẹ́, okùn ní ọrùn ọ̀nì, ẹ̀rín lẹ́nu Làwàní. Ọmọ Sálíù Ajùwọ̀n-má-ṣìnà, tó jẹ́ pé bó bá ju àwọ̀n sódò, àwọn apẹja yòókù á ká tiwọn, wọ́n á máa lọ sílé, torí pé kò tún sóhun tó kù nínú omi fún wọn. Ìran tó ń fi orí ẹja rẹ ọmọ lẹ́kún kó tó mọ ọmú ìyá rẹ̀ dájú. Nínú agbo àwọn akọni yìí ni ọkọ mi ti jáde wá, ó sì ṣiṣẹ́ akọ̀wé kóòtù fún ọdún márùndínlógójì. Ẹja kan ṣoṣo tí mo mọ̀ pé ó ṣẹ́gun láyé rẹ̀ ni èyí tó wà nínú àwo ọbẹ̀ rẹ̀, èmi náà ni mo sì máa ń bá a yọ egungun rẹ̀.

Ẹ má tíì jókòó, mi ò tíì kì í tán. Ọmọ márùn-ún ni mo bí fún un, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tí ọkọ mi fi ọwọ́ ara rẹ̀ wẹ̀. Ó ń fi orúkọ ọmọ kejì pe ọmọ mi kẹta títí wọ́n fi so yìgì ọmọ náà. Lọ́dún kan, nígbà Iléyá, ó mú Múyìbátù, àkọ́bí wa, lọ sí Yídì. Ọmọ ọdún márùn-ún ni nígbà náà. Nígbà tó dé, ẹní àdúrà rẹ̀ pé, bàtà rẹ̀ pé, ọmọ ni kò pé. Mo bi í léèrè, ó wo ẹ̀yìn, ó ní, "Ṣé kò tẹ̀lé mi ni?" Ọ̀sán ti pọ́n kí obìnrin kan tó ń ta bàlúùnù ọmọdé tó mú un wá sílé fún mi.

Ẹ wá rí i bí ọ̀rọ̀ ṣe rí nígbà tí Múyìbátù yìí kan náà bímọ, lẹ́yìn ọdún mẹ́jọ tí a ti ń fojú sọ́nà. Nọ́ọ̀sì ni, oṣù mẹ́ta sì ni ilé-ìwòsàn fún un láti fi tọ́jú ọmọ kó tó padà sẹ́nu iṣẹ́. Èmi ní ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń ta ọ̀dà ilé, mi ò sì lè gbé ọmọ ọwọ́ sáàárín òórùn ọ̀dà. Ni ọkọ mi bá wú gẹ́gẹ́ bí ẹni tí wọ́n fẹ́ fi joyè, ó ní, "Ẹ gbé ọmọ wá, mo ti fẹ̀yìn tì, ilé ni mo wà." Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, ọmọbìnrin mi gbé àpótí gíláàsì kan wá, omi wà nínú rẹ̀, iyanrìn wà nísàlẹ̀, ẹja kéékèèké mẹ́fà sì wà nínú iyanrìn.

"Bàbá mi, ẹ má bínú," ló wí, ó sì kúnlẹ̀ dáadáa, torí mo kọ́ ọ. "Mẹ́fà ni wọ́n. Bí wọ́n bá ṣì pé mẹ́fà lọ́jọ́ tí ìsinmi mi bá parí, ẹ̀yin ni mo máa gbé ọmọ wá fún. Bí ọ̀kan bá dín, mo máa gbé e lọ fún ìyá ọkọ mi ní Àkúrẹ́."

Àkúrẹ́. Ọmọ-ọmọ mi àkọ́kọ́, èyí tí mo fi ọdún mẹ́jọ bẹ Ọlọ́run fún, kí n máa rí i lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún bí òṣùpá ọdún. Ọwọ́ ta ni wọ́n sì fi ìdájọ́ sí? Ọwọ́ ẹni tó gbàgbé ọmọ sí Yídì.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí àwọn ẹja náà ṣe rí. Wọn kò gùn ju ìka àárín lọ, wọ́n tẹ́ẹ́rẹ́ bí okùn bàtà, ara wọn ní ìlà dúdú àti ìlà pupa rúsúrúsú. Wọ́n ní irunmú wẹ́wẹ́ tí wọ́n fi ń wá oúnjẹ kiri nísàlẹ̀, wọn kò sì ní ìpẹ́ tó ṣeé fojú rí. Ẹja mìíràn a máa lúwẹ̀ẹ́ lọ sókè sódò kí àlejò lè yìn ín. Ní ti àwọn wọ̀nyí, ìsàlẹ̀ ni wọ́n máa ń sùn sí látàárọ̀ dalẹ́. Wọ́n á dùbúlẹ̀ lé ara wọn lórí, wọn kò ní mira, àfi bí oòrùn bá ti wọ̀, ni wọ́n á wá dìde jẹun.

Akọni kò dúró kí ogun wá bá òun. Lọ́jọ́ kejì gan-an ló ti da òkúta wẹ́wẹ́ tó ṣẹ́ kù níbi tí a ti kọ́ ṣọ́ọ̀bù sínú àpótí náà, ó ní kó lè lẹ́wà. Kó tó di ọjọ́ kẹfà, òkúta ti ha irunmú àwọn ẹja náà débi pé wọn kò lè wá oúnjẹ mọ́. Ó tẹ ẹni tó ta ẹja náà láago, ẹni yẹn sì sọ òkò ọ̀rọ̀ lù ú fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Bí Àdìgún ṣe dìde nìyẹn, akínkanjú tí kò fọ ife omi rí láti ọjọ́ tí mo ti wọlé rẹ̀, ó gba ajọ̀ tí mo fi ń ku gàrí, ó kó òkúta náà jáde, ó ku iyanrìn, ó fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mọ́kànlá, ó ń fọwọ́ pa á wò bóyá ó kúnná. Nígbà tó gbọ́ pé oògùn tí wọ́n ń dà sómi ẹ̀rọ lè pa wọ́n, ó pọn omi sínú báàfù, ó fi sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì kí oògùn náà lè fẹ́ lọ, ó sì ń ṣọ́ báàfù yẹn bí ẹni ń ṣọ́ àpótí ìdìbò. Kò tún gbọ́ ìròyìn lórí tẹlifíṣọ̀n mọ́, ó ní ariwo ń dà wọ́n láàmú. Ó fún ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn lórúkọ adájọ́ tó bá ṣiṣẹ́ rí, ó sì dá wọn mọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan nípa ìlà ara wọn. Mo jókòó, mò ń wò ó. Inú mi dùn, inú mi sì ń bí mi, mi ò mọ èyí tí ǹ bá kọ́kọ́ gbé jáde.

Ó ku ọjọ́ méjì kí àdéhùn pé nígbà tí ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin, Ìyá Rájí, wá kí wa láti Ẹ̀pẹ́. Ẹja yíyan ni iṣẹ́ rẹ̀ láti ọmọdébìnrin. Òun ló sì tọ́ ọkọ mi dàgbà nígbà tí ìyá wọn kú. Ọjọ́ Jímọ̀ ni, Alhaji ti lọ kírun, èmi wà nílé ìwẹ̀. Ìyá wọ pálọ̀, ó tẹjú mọ́ àpótí gíláàsì, ó rí ẹja mẹ́fà tó sùn gbalaja sílẹ̀ láìmira. Ẹni tó bá ń yan ẹja mọ òfin kan: ẹja tó bá ti sùn sídìí báàfù ti ń kú lọ, kí a tètè gbé e síná kó tó wú. Àánú àbúrò rẹ̀ ṣe é. Ó fa ajọ̀ mi yọ, ó ru iyanrìn sókè, ó kó gbogbo wọn sínú abọ́ kan, ó fọ́n èédú sí àdògán lẹ́nu ọ̀nà kíṣínnì, ó ṣá iná sí i, ó sì na ọwọ́ sí iyọ̀.

Ibẹ̀ ni Àdìgún ti wọlé nínú agbádá funfun. Ó rí omi tó dàrú, ó rí i pé kò sí ẹnìkan nínú rẹ̀. Ó sáré bí àgbò tó já okùn, ó doríkọ kíṣínnì, àmọ́ nítorí pé láti ọdún tí a ti kó wọ ilé náà ni kò ti débẹ̀ mọ́, yàrá tí mò ń kó ọ̀dà sí ló kọ́kọ́ já sí. Ó padà, ó ṣí ilẹ̀kùn kejì, ó sì bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó fi ìka mẹ́ta bu iyọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá iyọ̀ yẹn padà."

"Wọ́n ti ń kú lọ, Mùráínà. Ọmọ apẹja ni ọ́, o ò mọ ẹja tó ti ń lọ ni?"

"Bí wọ́n ṣe ń gbé nìyẹn. Ìsàlẹ̀ ni ilé wọn."

"Ta ló sọ fún ọ? Nínú fáìlì kóòtù lo ti kà á?" Ọwọ́ rẹ̀ sì ti wà lókè abọ́.

Kí ni akọni máa ṣe? A kì í já nǹkan gbà lọ́wọ́ ẹni tó pọn ni sẹ́yìn. Wọ́n ní tútù là ń ká ẹja, pé bó bá gbẹ tán, kò ṣeé ká mọ́. Ẹ wá wo ẹja gbígbẹ ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin, tó jẹ́ pé ìka méjì ló ti fi ń kan ilẹ̀ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láti bí ogún ọdún, bó ṣe dọ̀bálẹ̀ gbalaja, tàgbádá-tàgbádá, nínú eérú àti omi ẹja. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, mo bẹ̀ yín. Bí wọ́n bá kú, wọn ò ní gbé ọmọ náà wá fún wa." Ohùn rẹ̀ gbọ̀n. Mo ti dé ẹnu ọ̀nà nígbà náà, ìró ni mo so máyà, mi ò sì gbọ́ kí ohùn ọkùnrin yìí gbọ̀n rí.

Ìyá Rájí da iyọ̀ padà sínú ike. Ó wo abọ́, ó kà wọ́n, ó ní, "Márùn-ún ni mo rí o."

Àdìgún kò dìde. Ibi tó dùbúlẹ̀ sí náà ló ti yí ojú, ó sì rí ìlà dúdú àti ìlà pupa nínú eruku lábẹ́ fíríìjì. Ó fi àyà wọ́ débẹ̀, fìlà rẹ̀ ṣubú, ó ki apá bọ abẹ́ fíríìjì dé èjìká, ó sì fi ìka méjì mú adájọ́ kẹfà jáde wẹ́rẹ́. Làwàní wọ́ ọ̀nì, ọmọ-ọmọ rẹ̀ mú okùn bàtà. Ó gbé wọn sáré padà sínú omi báàfù tó ti sinmi ọjọ́ méjì. Èyí tó ti abẹ́ fíríìjì bọ̀ sùn sílẹ̀ pẹ́, àwa mẹ́ta ò lè mí, kó tó yọ lọ sókè, kó gba afẹ́fẹ́, kó sì padà sísàlẹ̀.

Lọ́jọ́ Àìkú, Múyìbátù dé. Ó jókòó ti àpótí gíláàsì tí a ti dá àwọn ẹja náà padà sí, títí ilẹ̀ fi ń ṣú díẹ̀díẹ̀, tí wọ́n jáde wá jẹun, ó kà wọ́n lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n pé. Ó gbé ọmọ náà, ó nawọ́ rẹ̀ sí bàbá rẹ̀. Ọkọ mi na ọwọ́ méjèèjì, ó tún fà wọ́n sẹ́yìn, ó wá rọra béèrè pé, "Báwo la ṣe ń gbé orí rẹ̀?" Ọmọbìnrin mi fi hàn án. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ gba orí ọmọ náà bó ṣe yẹ kí a gbà á, ọmọ náà sì sùn lọ. Mo bọ́ sí yàrá, mo sunkún.

Nítorí náà, mo kéde fún tolórí-tẹlẹ́mù: Alhaji Mùráínà Àdìgún, ìran apọ̀nì, ajagun-abẹ́-fíríìjì, ẹni tó bí ọmọ márùn-ún láìmọ bí a ṣe ń gbé orí ọmọ, ti fi ẹja mẹ́fà gba oyè olùtọ́jú. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ mọ́ pé kò lè ṣe é. Ó lè ṣe é. Gbogbo ọdún tí mo fi ń dá pọn wọ́n, ó lè ṣe é. Èyí ló dùn mí jù.